Ológbò abilà kan ń yí ilé wa ká ní Cairngorms: ṣé ológbò igbó ni, kí sì ni ká ṣe?

ÌyáTóbi

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò ní Peckham wá sí abúlé kan nítòsí Kingussie, ní agbègbè òkè Cairngorms ní Scotland ni, nítorí iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà tí mo rí níbí. Ibí dákẹ́ jù, ṣùgbọ́n ó ti ń mọ́ wa lára.

Ohun tó gbé mi wá rèé. Tóbi ní akọ ológbò kan tí a gbé wá láti London, Sọ́jà ni wọ́n ń pè é. A ò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, òru ló sì máa ń rìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà tó múlé tì wá kanlẹ̀kùn, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi sùúrù bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ológbò igbó wà nínú igbó tó wà lẹ́yìn wa, pé ìjọba àti àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá wọn padà síbẹ̀ ni, pé tí Sọ́jà bá lọ gun ọ̀kan nínú wọn, gbogbo wàhálà tí wọ́n ṣe á já sófo. Wọ́n bẹ̀ mí kí n lọ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́, mo padà wọlé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo rí ológbò abilà ńlá kan tó jókòó ti ike ìdọ̀tí wa lọ́sàn-án gangan, ó tẹjú mọ́ mi. Nígbà tó tún ṣe, a jí bá òkú adìẹ mẹ́rin nínú ilé adìẹ wa, ohun tó pa wọ́n ò sì jẹ wọ́n tán. Bàbá Tóbi ní àwọn á dẹ okùn fún un bí wọ́n ṣe máa ń dẹ ẹ́ ní Ìkirè.

Ẹ gbà mí o. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ológbò igbó ni? Ṣé òun ló pa adìẹ wa? Ṣé lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ Sọ́jà yìí le tó bí ìyá yẹn ṣe sọ ọ́?

Akin_Aberdeen

Ìyá Tóbi, ẹ kú ilé tuntun, ẹ sì pẹ̀lẹ́ fún tàwọn adìẹ.

Ẹ kọ́kọ́ sọ fún Bàbá Tóbi kí wọ́n ká okùn wọn kúrò nílẹ̀. Láti November 2024 ni Scotland ti fòfin de okùn dídẹ pátápátá, ìbáà ṣe fún ehoro, ìbáà ṣe fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Tó bá wá lọ jẹ́ ológbò igbó ló kó sí i, ọ̀ràn ti di méjì nìyẹn. Láti 1988 ni òfin ti ń dáàbò bo ẹran yẹn. Ẹ ò gbọdọ̀ pa á, ẹ ò gbọdọ̀ mú un, ẹ ò tiẹ̀ gbọdọ̀ da ibi tó bí ọmọ sí rú.

Ní ti bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀, ìrù ni kí ẹ wò. Ìrù ológbò igbó nípọn láti ìdí dé ìparí, òrùka dúdú tó já gaara wà lára rẹ̀, ìparí rẹ̀ dúdú, kò sì ṣe ṣóńṣó. Ẹ tún wo ilà dúdú tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ti ológbò igbó máa ń dúró síbi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀, kì í wọ inú ìrù. Ilà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í já sí tótòtó. Lẹ́yìn ọrùn, ẹ máa rí ilà mẹ́rin tó nípọn, tó ń lọ wọ́rọ́wọ́rọ́ láìlẹ̀ mọ́ra wọn, méjì míì á wà léjìká. Àwọn onímọ̀ máa ń wo ibi méje lára ẹran náà, wọ́n á fún ibi kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 3. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 21. Èyí tó bá gba 19 sókè ni wọ́n ń kà sí ológbò igbó.

Àdúgbò tẹ́ ẹ kó lọ yẹn gan-an ló ni ẹran yìí. Àwọn ìdílé Clan Chattan tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ ní àkọlé kan lára àmì ìdílé wọn, pé ẹni tí kò bá wọ ìbọ̀wọ́ kó má fọwọ́ kan ológbò. Tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ yà sí mùsíọ́mù àwọn Macpherson, ọ̀kan nínú àwọn ìdílé náà, ní Newtonmore, kò jìnnà sí yín, ẹ máa rí ológbò náà lórí gbogbo nǹkan.

Bàbá_Ìkòròdú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun yìí, òyìnbó ti kó yín láyà jẹ jù. Ológbò ni ológbò ń jẹ́. Ẹran kan pa adìẹ mi mẹ́rin, kí n tún máa ka ilà ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀? Ẹ sì wá ní kí wọ́n tẹ akọ ẹran tí Ọlọ́run dá lọ́dàá nítorí ológbò tó wà nínú igbó. Ìwà ìkà ni.

Ọmọọ̀ya_Leeds

Bàbá Ìkòròdú, òbúkọ ọ̀dá tẹ́ ẹ máa ń rà lọ́dún iléyá ńkọ́? Ṣé òun ló tẹ ara rẹ̀ lọ́dàá ni? 😂

Ìyá Tóbi, èmi ò rò pé ológbò igbó lẹ rí o. Ṣé ẹ ò gbọ́ nípa àwọn lynx, irú ológbò igbó ńlá kan, tí ẹnì kan lọ dà sílẹ̀ láìgbàṣẹ ní Kingussie yín yẹn? January 2025 ni. Ẹ ṣọ́ra yín, ìyẹn lè gbé ewúrẹ́.

Akin_Aberdeen

Ọmọọ̀ya, ìtàn yẹn ti parí. Mẹ́rin ni wọ́n, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ti mú gbogbo wọn, ọ̀kan sì kú. Lynx ò sì jọ ológbò abilà rárá: ìrù rẹ̀ kúrú bákan, irun dúdú dúró ṣánṣán ní ṣóńṣó etí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká dẹ́rù ba ìyàwó ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé.

Àdùkẹ́_Nọ́ọ̀sìẸran

Ẹ kú ìjíròrò. Ilé ìwòsàn ẹran ní Inverness ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ la sì ń fẹnu wa sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n dá Ìyá Tóbi lóhùn dáadáa.

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìyá àgbà yẹn sọ. Ohun tó fẹ́ẹ̀ pa ológbò igbó Scotland run báyìí kì í ṣe ìbọn, ológbò ilé ni. Àwọn méjèèjì lè gun ara wọn, ọmọ tí wọ́n bá sì bí, ọmọ náà lè bímọ. Tí abo ológbò igbó kan ò bá rí akọ irú rẹ̀ nítòsí, tí Sọ́jà wá ń rìn káàkiri lóru, Sọ́jà náà ló máa gbà. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń sọ pé "akọ ni, kò lè gbé oyún wálé", ẹ tún un rò. Akọ tí a ò tẹ̀ lọ́dàá ló ń rìn jìnnà jù nínú gbogbo wọn.

Iṣẹ́ kékeré ni fún akọ. Wọ́n á fún un ní oògùn oorun, wọ́n á ṣe é, ẹ máa gbé e lọ sílé lọ́jọ́ náà. Láti bí oṣù mẹ́rin la ti lè ṣe é fún ológbò. Tí owó bá le, ẹ pe Cats Protection, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń tọ́jú ológbò, wọ́n máa ń ran àwọn tí owó wọn ò tó lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ yìí. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àjẹsára ni àwọn èèyàn máa ń gbójú fò. Àrùn tí ológbò ilé máa ń kó, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní FeLV (àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ológbò tó ń ràn), ológbò igbó lè kó o nínú ìjà, nínú gígùn, nínú itọ́. Ẹ jẹ́ kí Sọ́jà gba abẹ́rẹ́ náà, kí ẹ sì máa tún un gbà nígbà tó bá tó àkókò.

Ẹ wo chip rẹ̀ náà, ìyẹn ohun kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ẹran láti fi mọ olówó rẹ̀. Ní Scotland níbí, òfin ò fi dandan lé chip fún ológbò. Ṣùgbọ́n ní England, láti June 2024 ni ó ti di dandan fún gbogbo ológbò tí èèyàn ń sìn tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 20, ó sì ṣeé ṣe kí Sọ́jà ti ní tirẹ̀ láti Peckham. Tó bá ní, àdírẹ́sì London ló ṣì wà lórí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ yí i padà. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé ní agbègbè tí wọ́n ti ń tú ológbò igbó sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi àpótí mú ológbò tí kò ní olówó, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, wọ́n á fún un ní àjẹsára, wọ́n á sì tú u sílẹ̀ padà. Tí Sọ́jà bá kó sínú àpótí wọn, chip ló máa sọ fún wọn pé ó nílé.

Fúnmi_Dundee

Kí wọ́n kúkú máa tì í mọ́lé tọ̀sán tòru ni, ọ̀rọ̀ á tán. Bí tèmi ṣe ń gbé nìyẹn, ó sì ń sanra.

Àdùkẹ́_Nọ́ọ̀sìẸran

Àǹtí Fúnmi, fúláàtì tiyín yàtọ̀. Ológbò tó ti mọ ìta tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá tì í mọ́lé lójijì, àga yín ló máa fi ṣe ìjà. Kí wọ́n máa tì í mọ́lé ní alẹ́ tó. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ sí òru ni ológbò igbó máa ń jáde.

Ẹ̀gbọ́n_Zoology

Ìbàdàn ni mo ti ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ológbò Scotland yìí ò kúrò lọ́kàn mi látìgbà tí mo ti gbọ́ ọ. Àwọn èèyàn ti ń sìn ológbò ilé ní Britain fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Ológbò ilé yìí ò ti ara ológbò igbó Europe wá. Ara ológbò igbó tí ń gbé Áfíríkà àti ilẹ̀ Lárúbáwá ló ti wá, ìyẹn ni pé èyí tó wà nílé yín l'Ékòó àti Sọ́jà ti Tóbi, ìdílé kan náà ni wọ́n. Èèyàn á rò pé láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń da ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ ti igbó. Rárá o. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ DNA, ìyẹn àbùdá tí ẹran ń jogún, ti ológbò àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí wò, tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2023, ohun tí wọ́n rí ni pé nǹkan bí ọdún 1950 síwájú ni àdàlù náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ẹgbẹ̀rún méjì ọdún ni wọ́n fi ń gbé erékùṣù kan náà, kálukú ń bá irú tirẹ̀ lọ.

Kí ló wá yí padà? Ológbò igbó ló tán nílẹ̀. Wọ́n gé igbó. Lẹ́yìn náà làwọn ọlọ́lá tó ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣọdẹ ẹyẹ ń gba àwọn ẹ̀ṣọ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí sì pa ohunkóhun tó bá lè jẹ ẹyẹ ọ̀gá wọn. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi máa parí, kò sí ẹyọ kan mọ́ ní England àti Wales, àríwá Scotland nìkan ló kù. Ogun àgbáyé kìíní ló fún ìyókù ní ìsinmi díẹ̀: àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ sójú ogun, ológbò tún ráyè tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ tó mọ́. Akọ kan lè rìn títí kó má rí abo irú rẹ̀, ológbò ilé sì wà ní gbogbo oko. Ẹran tó ti ń yan irú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò bá rí ẹni yàn mọ́, ohun tó bá rí ló máa gbà. Ní 2019, ìròyìn àwọn onímọ̀ sọ ọ́ gbangba pé èyí tó kù nínú igbó kò lè dá dúró fúnra rẹ̀ mọ́.

Níbi tí mo ti fẹ́ tún ọ̀rọ̀ Akin ṣe díẹ̀: máàkì 21 yẹn dára lóko, ẹ̀jẹ̀ ló máa ń ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn. Àdàlù kan lè ní ìrù tó dára. Kódà àwọn tí wọ́n ń sìn láti tú sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ológbò ilé díẹ̀ wà lára wọn. Àwọn tó ní i jù ni wọ́n ń yọ kúrò. Ẹni tó bá ń wá èyí tó mọ́ láúláú, kò ní rí i.

Saving Wildcats lorúkọ iṣẹ́ náà, àwọn Royal Zoological Society of Scotland ló ṣáájú rẹ̀, ní Highland Wildlife Park tí kò jìnnà sí Ìyá Tóbi. Ibi tí àlejò kì í dé ni wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ náà, kí wọ́n má bàa mọ èèyàn lójú. Ní 2023 wọ́n tú 19 sílẹ̀ nínú Cairngorms, wọ́n so kọ́là GPS mọ́ wọn lọ́rùn. Ní 2024 wọ́n rí ọmọ tí wọ́n bí sínú igbó. Àwọn ọmọ yẹn ni ìyá àgbà yẹn ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Bàbá_Ìkòròdú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé, mo kà á tán. Ìbéèrè kan: kìnnìún ilẹ̀ wa tó kù ní Kainji àti Yankari ńkọ́? Ta ló ń so kọ́là mọ́ ìyẹn lọ́rùn?

Ẹ̀gbọ́n_Zoology

Ìbéèrè gidi ni, Bàbá. Ìwádìí tó jáde ní 2014 sọ pé nǹkan bí 400 kìnnìún ló kù ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn wà níbi tí Benin, Burkina Faso àti Niger ti pààlà. Ní Nàìjíríà, ibi méjì tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn nìkan ni. Ẹ jẹ́ ká ṣí àkòrí rẹ̀ lọ́tọ̀, mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ níbẹ̀ dáadáa. Adìẹ Ìyá Tóbi ló wà nílẹ̀ níbí.

ÌyáTóbi

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ya fọ́tò rẹ̀, ó tún padà wá síbi ike ìdọ̀tí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì iwájú funfun. Ilà ẹ̀yìn rẹ̀ wọ inú ìrù lọ títí, ìparí ìrù sì rí ṣóńṣó. Ó tóbi o, ó tóbi ju Sọ́jà lọ.

Akin_Aberdeen

Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni mo fi ń ṣèdájọ́ o, Ẹ̀gbọ́n (😄), ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ológbò igbó. Ẹsẹ̀ funfun nìkan ti tó láti mú èèyàn ṣiyèméjì. Àwọn àgbà wa sì ti ní ìjàkùmọ̀ kì í rin ọ̀sán. Ológbò igbó gidi ò ní jókòó ti ike ìdọ̀tí lọ́sàn-án kó máa wo èèyàn lójú. Ológbò tí kò nílé ni, tàbí àdàlù.

Ọmọọ̀ya_Leeds

Tí kò bá jẹ́ ológbò igbó, òfin ò dáàbò bò ó nìyẹn. Bàbá Tóbi lè pa á nígbà náà.

Àdùkẹ́_Nọ́ọ̀sìẸran

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà wọ́n níyànjú bẹ́ẹ̀. Ológbò tẹ́ ẹ rò pé kò nílé lè jẹ́ ti ẹnì kan. Lóru, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ àdàlù yàtọ̀ sí ológbò igbó, àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ gan-an máa ń wo fọ́tò léraléra. Ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Saving Wildcats lórí ìkànnì wọn, kí ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i àti àkókò. Irú ẹran yẹn gan-an ni wọ́n ń wá láti tẹ̀ lọ́dàá, nítorí pé kò ní olówó tó máa ṣe é fún un. Ẹ pa ike ìdọ̀tí dé, ẹ má sì fún un lóúnjẹ.

Nǹkan míì: láti April lọ, tí Tóbi bá rí ọmọ ológbò abilà kéékèèké nínú ihò àpáta tàbí lábẹ́ gbòǹgbò igi, kó má gbé e. Ìyá wọn lọ ọdẹ ni. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ológbò ilé ló sọnù, wọ́n á gbé e wọlé, wọ́n á fi mílíìkì bọ́ ọ. Ọmọ ológbò igbó kì í sì í rọ̀ bó ti wù kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ tó.

Fúnmi_Dundee

Ta ló wá pa adìẹ?

Akin_Aberdeen

Ehoro àti èkúté pápá loúnjẹ ológbò igbó. Ó lè gbé adìẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó pa mẹ́rin lóru kan tí kò jẹ wọ́n tán, ó jọ iṣẹ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tàbí pine marten. Pine marten jẹ́ ẹran gígùn kan, àwọ̀ rẹ̀ bíi ṣokoléètì, àyà rẹ̀ funfun tó pọ́n díẹ̀ bíi òrí wàrà, ó ń gun igi, ihò tí ẹ rò pé ọwọ́ yín lásán ló lè gbà ló máa gbà wọlé. Òfin ń dáàbò bo òun náà, nítorí náà ilé adìẹ lẹ máa tún ṣe. Ilẹ̀kùn tó ń dé gírígírí, wáyà onírin tí ojú rẹ̀ kéré tí wọ́n jó pọ̀, kì í ṣe èyí tó rọ̀ tí wọ́n ń hun. Ẹ gbẹ́ ẹ wọlẹ̀ díẹ̀ nítorí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kí ẹ sì fi bo òkè.

ÌyáTóbi

Ẹ ṣé, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti bá ilé ìwòsàn ẹran sọ̀rọ̀, Sọ́jà á wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tóbi ń sunkún, ó ní ṣé kò ní yí padà. Mo sì ti gbé àkàrà lọ fún ìyá àgbà yẹn láti fi tọrọ àforíjì pé mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní ata pọ̀.

Bàbá Tóbi ní kí n béèrè: ibo ni wọ́n ti ń ra wáyà yẹn?

Àdùkẹ́_Nọ́ọ̀sìẸran

Ẹ sọ fún Tóbi pé Sọ́jà á ṣì jẹ́ Sọ́jà, ìrìnkèrindò àti ìjà ló máa dínkù. Ẹ dín oúnjẹ rẹ̀ kù díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n máa ń tètè sanra.

Akin_Aberdeen

Wáyà: ilé ìtajà ohun èlò oko èyíkéyìí ní Inverness tàbí Aviemore. Ẹ béèrè fún welded mesh, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta chicken wire fún yín. Ìyá Tóbi, ṣé ẹ ti fi orúkọ adìẹ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba? Láti September 2024 ni ó ti di dandan ní Scotland, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adìẹ kan ṣoṣo lẹ ní. Ọ̀fẹ́ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa ṣe é.